Àjàmú Ahunṣọ àti Eléyín-Ayùn

Ààlọ̀ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, ṣé iyán ló dí yín lọ́fun ni? Mi ò gbọ́ yín. Ààlọ̀ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó kù díẹ̀ kí n padà sílé. Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí dé etí odò, ó dá lórí Àjàmú ahunṣọ, àti ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Eléyín-Ayùn. Bí mo bá dé ibi orin, ègbè yín ni, "Rọra o, omi, rọra." Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.

— Rọra o, omi, rọra!

Ó dùn. Ẹ má gbàgbé o.

Láyé àtijọ́, nígbà tí alákàn ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ìkòkò ọbẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàmú. Ará òkè ni. Aṣọ ni ó ń hun. Odò tó wà ní ìlú tirẹ̀ kò tó ohun tí ewúrẹ́ yóò fi fọ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ń bẹ níbẹ̀. Bí ọkùnrin ìlú náà bá rí àgbà, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò dọ̀bálẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀. Bí ìjàlọ bá ń tò kọjá níbẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ náà ni, yóò kàn máa rọra yún ara rẹ̀ ni. Bí àgbà náà kò bá sì tíì ní, "Dìde," kò ní dìde.

Àjàmú gbé òfì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó rìn, ó rìn, títí ó fi dé Ebúté-Ọ̀pẹ, ìlú àwọn apẹja. Ibẹ̀ ni ó ti rí Àwẹ̀ró, ó sì fi í ṣe aya. Ọdún kìn-ín-ní kọjá, kò sí ọmọ. Ọdún kejì kọjá, kò sí ọmọ. Ní ọdún kẹfà, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí omi odò ń fà, tí ọyẹ́ ń yọ́ bọ̀, Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti.

Àjàmú jó. Ó jó títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́ sínú ìkòkò omi. Ibi tí ó ti ń yọ fìlà náà ni àna rẹ̀, Bàbá Àwẹ̀ró, ti wọlé. Bàbá Àwẹ̀ró ni olórí àwọn apẹja ìlú. Ọmọbìnrin méje ni ó bí, kò bí ọkùnrin kan ṣoṣo.

Gbọ̀ọ̀! Àjàmú ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá."

"Dìde, àna mi. O kú ewu ọmọ. Ìkókó ńkọ́?"

"Ó ń bẹ láyà ìyá rẹ̀, Bàbá."

"Wọ́n ní ó jọ mí."

"Imú yín ló gbé wá, Bàbá."

"Ó dára. Ṣé o mọ àṣà ìlú wa? Ẹja ni a fi ń sọ ọmọ lórúkọ níbí. Kì í ṣe ẹja ọjà o. Eléyín-Ayùn ni. Bàbá ọmọ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó mọ́."

"Bí bàbá ọmọ kò bá rí i pa ńkọ́?"

"Agbo ilé ìyá ni yóò sọ ọmọ lórúkọ. Agbo ilé ìyá ni yóò gbà á tọ́. Ọmọ wa ni yóò máa jẹ́ títí láé." Bàbá Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá rí omi nínú igbá, o ó ní odò ti kún."

Àjàmú wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Bàbá, ọwọ́ tó ń mú òwú tí òwú kò já, yóò mú ẹja. Ẹ ti rí ẹja náà."

"Mo ti rí i?"

"Ẹ ti jẹ ẹ́ pàápàá. Ṣé orí ni kí n fi sílẹ̀ fún yín, àbí ìrù?"

Bàbá Àwẹ̀ró wò ó láti òkè délẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó jáde.

Ohùn Àwẹ̀ró wá láti inú yàrá. "Bàbá Ìkókó."

"Ìyá Ìkókó."

"Ṣé ẹ ti pẹja rí?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ mọ bí Eléyín-Ayùn ṣe rí?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń bá bàbá mi pín orí ẹja sí?"

"Ẹni tí kò bá tíì mọ bí òun yóò ṣe pín in, báwo ni yóò ṣe pa á?"

Ní ọjọ́ kejì, Àjàmú gé ọ̀pá ọparun. Ó lọ́ òwú pọ̀, ó fi ṣe okùn. Ó gbé ekòló sórí ìwọ̀. Ó wá lọ jókòó síbi tí omi ti mọ́ gaara, tí ó ti lè rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹja kankan kò wá. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ òkúta, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Alákàn ni. Ṣé ìwẹ̀ lo wá wẹ̀ ni, àbí ẹja lo wá pa?"

"Ẹja ni. Eléyín-Ayùn."

Alákàn rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi wọlé, tí wọ́n tún fi yọ. "Ekòló lo fi ń wá Eléyín-Ayùn? Bí o bá ti oko dé, tí wọ́n gbé ẹ̀wà ẹyọ kan síwájú rẹ, ṣé wàá dìde?"

"Mi ò ní dìde. Kọ́ mi nígbà náà."

"Èwo ni tèmi nínú ẹ̀?" Alákàn rìn jáde díẹ̀ lábẹ́ òkúta. "Ó dáa, tèmi wà nínú ẹ̀. Ogójì ọmọ ni mo bí lọ́dún yìí. Mẹ́ta ló kù. Inú Eléyín-Ayùn ni ìyókù wà. Gbọ́ o, ará òkè. Nígbà òjò, kò síbi tí kò lè wà. Ní báyìí tí omi ń fà, ó mọ̀ pé ọ̀dá ń bọ̀, ó ń jẹun sílẹ̀ dè é. Ibi tí òjúoró ti parí, tí ibú ti bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ibẹ̀ ló ń ba sí, bí ológbò lẹ́nu ihò eku."

"Mo gbọ́."

"Kì í wá ohun kékeré mọ́. Ẹja tó tó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi ṣe ìjẹ. Má sì fi òwú lásán so ìwọ̀ mọ́, eyín rẹ̀ á gé e bí ẹni gé ilá. Ní kí alágbẹ̀dẹ fa irin tín-ín-rín fún ọ, kí o so ó mọ́ ìdí ìwọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀kẹta ló le jù. Kì í gbé ìjẹ lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló máa ń tẹ̀lé e. Á tẹ̀lé e, á tẹ̀lé e, títí dé bèbè, títí dé ìdí ẹsẹ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ti ń fa ìjẹ jáde, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán! Ibẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ki orí ọ̀pá rẹ bọ omi. Yí ìjẹ náà lọ, yí i bọ̀. Má dúró, má yára. Bí sùúrù rẹ bá gùn ju tirẹ̀ lọ, á la ẹnu."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Ẹja ti bọ́ sọ́wọ́ mi."

"Ìgbéraga rẹ pọ̀ o."

"Kì í ṣe ìgbéraga, Alákàn. Ọmọ mi ni."

Ọjọ́ karùn-ún mọ́. Àjàmú ti gba irin lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó ti ra ẹja ìjẹ lọ́jà. Ó dé ibi tí òjúoró ti parí. Ó ju ìjẹ, fììì, pòò! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọrin:

Ẹja ńlá inú ibú o,
— Rọra o, omi, rọra.
Ọmọ mi kò tíì lórúkọ,
— Rọra o, omi, rọra.
Ọyẹ́ ń bọ̀, ebi ń bọ̀,
— Rọra o, omi, rọra.
Tẹ̀lé mi ká jọ relé o,
— Rọra o, omi, rọra.

Òjúoró mì, jìgì. Nǹkan dúdú kan yọ lábẹ́ rẹ̀, ó gùn bí ènìyàn tó nà gbalaja. Ó tẹ̀lé ìjẹ náà. Bí ìjẹ rọra, ó rọra. Bí ìjẹ yára, ó yára. Ó ku ìwọ̀n apá mẹ́ta. Ó ku apá méjì. Ó ku apá kan.

"Àjàmú, àna mi! O kú iṣẹ́ o!"

Gbọ̀ọ̀! Ọ̀pá fò lọ sápá ọ̀tún, Àjàmú fò lọ sápá òsì, ó ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!"

Bìrí! Ẹja yí padà. Ó lọ.

Bàbá Àwẹ̀ró dúró lẹ́bàá igi àràbà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Háà. Ṣé mo dí ọ lọ́wọ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ọ̀pá rẹ ló ń bá omi lọ yẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Dìde, dìde. Máa báṣẹ́ lọ."

Nígbà tí ó délé, Àwẹ̀ró bi í pé, "Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ó gùn tó mi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá rẹ ń kọjá lọ. Mo kí wọn."

Àwẹ̀ró gbé ọmọ sí ọmú kejì. Ọjọ́ méjì ló kù.

Ọjọ́ kẹfà mọ́. Àjàmú gé ọ̀pá mìíràn. Ó kọjá sí òdìkejì òjúoró, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Ó ju ìjẹ, fììì, pòò! Ó ń fà á, ó ń kọrin:

Ẹja ńlá inú ibú o,
— Rọra o, omi, rọra.
Ọjọ́ keje kù sí dẹ̀dẹ̀,
— Rọra o, omi, rọra.
Ẹni tó bímọ kò gbọdọ̀ sùn o,
— Rọra o, omi, rọra.

Òjúoró mì, jìgì. Eléyín-Ayùn yọ, ó tẹ̀lé ìjẹ. Ó ku apá mẹ́ta. Ó ku apá méjì. Pàú, pàú, pàú! Ta ló ń wa ọkọ̀ bọ̀ yẹn?

"Àjàmú, àna mi! O kú iṣẹ́ o!"

Àjàmú rò ó lọ́kàn pé, "Lónìí, mi ò ní ju ọ̀pá sílẹ̀." Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé ọ̀pá sókè. Yéè! Bí ọ̀pá ṣe lọ sókè ni ìjẹ jáde nínú omi. Ẹja fò tẹ̀lé e, kàpò! Afẹ́fẹ́ ló bù jẹ. Ó já padà sínú omi, gbàlà! Ó lọ.

Bàbá Àwẹ̀ró wò ó láti inú ọkọ̀. "Irú ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn? Ṣé ìdajì Àwẹ̀ró ni mo fún ọ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Odidi lẹ fún mi."

"Odidi ni kí o fi kí mi."

Gbọ̀ọ̀! Àjàmú nà gbalaja. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó ní kí ó dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alákàn yọ lábẹ́ òkúta, inú ń bí i. "O ò rí i pé ṣe ni àna rẹ ń ṣọ́ ọ? Lánàá, ẹ̀yìn igi àràbà ló ba sí láti àfẹ̀mọ́júmọ́, lónìí, inú ọkọ̀ ni. Bí ẹja bá ti dé ìdí ẹsẹ̀ rẹ, òun náà á yọ. Ojú mi yìí ló rí i!"

Àjàmú ní, "Ọmọkùnrin ni wọ́n ń wá."

"Tìrẹ ni wọ́n ń wá! Lọ́la, má kí i."

"Kí n má kí bàbá ìyàwó mi?"

"Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ o!"

"Bí mo bá fi àìkíni gba ọmọ, kí ni mo fẹ́ fi tọ́ ọ?"

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá kí wọn. Màá sì pa ẹja."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Lẹ́ẹ̀kan náà. Alákàn, lọ sùn."

Àjàmú délé, ó tẹ́ ẹní. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, ó na apá síwájú, ó di ọ̀pá mú ṣinṣin. Ó wá ń yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì, bí ìgbà tí ó bá ń ti òwú kọjá lórí òfì.

Àwẹ̀ró yọjú. "Bàbá Ìkókó, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí bàbá rẹ."

"Bàbá mi kò sí níbí."

"Mò ń kí wọn sílẹ̀ de ọ̀la."

Ọjọ́ keje mọ́. Ọyẹ́ ti wọ̀lú. Ìkùukùu bo odò, ètè ń ya, èéfín ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Bí Àjàmú kò bá pa ẹja lónìí, ọ̀la ni ọmọ rẹ̀ yóò di ọmọ ilé ẹlòmíràn. Ó padà síbi àkọ́kọ́ lẹ́bàá igi àràbà, ó dúró títí oòrùn fi yọ, tí omi fi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Ó ju ìjẹ, fììì, pòò!

Ẹja ńlá inú ibú o,
— Rọra o, omi, rọra.
Òní ló kù, ọ̀la kò sí,
— Rọra o, omi, rọra.
Má mà jẹ́ kí n délé lọ́wọ́ òfo,
— Rọra o, omi, rọra.
Tẹ̀lé mi ká jọ relé o,
— Rọra o, omi, rọra.

Òjúoró mì, jìgì. Eléyín-Ayùn yọ. Ó ku apá mẹ́ta. Ó ku apá méjì. Ó ku apá kan.

"Àjàmú, àna mi! O kú iṣẹ́ o!"

Gbọ̀ọ̀! Àjàmú nà gbalaja. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ọ̀pá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ọ̀pá wọ inú omi lọ, mùjẹ̀mùjẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!"

Bàbá Àwẹ̀ró yọ lẹ́yìn àràbà. Ó wo ìdọ̀bálẹ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Kò rí àléébù kan. Ó wo ọ̀pá, ọ̀pá kò fò. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ó dáa. Bí n kò bá ní kí ó dìde, báwo ni yóò ṣe fa ẹja?" Ó fa ìtì igi kan mọ́ra, ó jókòó.

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà, Bàbá." Ọrùn ọwọ́ lọ sọ́tùn-ún. Ìjẹ yí lọ.

"Ìyá rẹ ní òkè ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá." Ọrùn ọwọ́ lọ sósì. Ìjẹ yí bọ̀.

"Àbúrò bàbá rẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn?"

"Ẹsẹ̀ ti fúyẹ́, Bàbá." Sọ́tùn-ún.

"Ewúrẹ́ wọn ńkọ́?"

"Ó ti bímọ, Bàbá." Sósì.

"Mélòó?"

"Méjì, Bàbá."

"Akọ ni, àbí abo?"

"Akọ kan, abo kan, Bàbá."

"Kí ni àwọ̀ wọn?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ni Alákàn sọ? Ó ní kí ó má dúró, kí ó má yára, kí sùúrù rẹ̀ gùn ju ti ẹja. Apẹja wo ló lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀? Ara á ti máa yún un, á ti fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n Àjàmú kò lè dìde! Bàbá Àwẹ̀ró ni kò jẹ́ kí ó dìde. Ìjẹ ń yí lọ, ìjẹ ń yí bọ̀, Eléyín-Ayùn ń tẹ̀lé e lọ, ó ń tẹ̀lé e bọ̀, òòyì ń kọ́ ọ, ebi ń pa á, inú ń bí i...

"Ọ̀kan dúdú, Bàbá, ọ̀kan—"

GBÀM!

Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ. Àjàmú ṣí kúrò níbi tí ó wà, ó ń fi ikùn wọ́, wọ́ọ́ọ́, orí rẹ̀ kọjú sí odò.

"Àjàmú! Ju ọ̀pá sílẹ̀!"

"Mi ò lè jù ú, Bàbá! Ọmọ mi ni!"

"Dúró! Fi ẹsẹ̀ tilẹ̀!"

"Ẹ ò tíì ní kí n dìde, Bàbá!"

Omi dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Omi dé àgbọ̀n rẹ̀. Omi wọ ẹnu rẹ̀, gbulugbulu. "Ọ̀kan... funfun... Bàbá!"

Bàbá Àwẹ̀ró dìde lórí ìtì igi. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀la ni ọmọ náà yóò di tirẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni kó má sọ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin yìí nínú omi. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò sí àárọ̀ kan tí ẹ̀yìn yìí kò tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀. Ta ló tún ń dọ̀bálẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ láyé? Ọmọkùnrin wo ló tún ń wá?

"Dìde!" Ohùn rẹ̀ dún dé òdìkejì odò. "Mo ní kí o dìde, ọmọ mi! Dìde!"

Wàà! Àjàmú dìde. Ó fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Ẹja fà á, ó fa ẹja. Eyín ayùn ń rẹ́ irin, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, irin kò já. Bàbá Àwẹ̀ró sáré dé etí omi, ó na ọwọ́ sí okùn.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Àṣà ni!"

"Òótọ́ ni!" Bàbá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń fò sókè bí ọmọdé. "Má fà á báyìí! Jẹ́ kó sá! Ó ti rẹ̀ ẹ́! Fà á! Mo ní kí o fà á, ìwọ ará òkè yìí!"

Àjàmú fà á. Ó fà á gun bèbè, pàràpàrà, pàràpàrà, títí ó fi dákẹ́ sórí koríko. Àwọn méjèèjì jókòó ti ẹja náà, wọ́n ń mí helehele.

Ọjọ́ kẹjọ mọ́. Ẹ wo èrò! Àjàmú gbé ẹja síwájú àwọn àgbà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. "Èmi bàbá rẹ̀ pè é ní Ìwàlérè."

Gbogbo wọn dáhùn. Ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá Àwẹ̀ró jókòó sí, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá," Àjàmú pè é, "ẹ wá sọ ọ́ ní tiyín."

"Èmi kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe sí ọ?"

"Kí lẹ ṣe, Bàbá? Ẹ kí mi ni."

Àgbà náà dìde. Ó gba ọmọ, ó gbé e sókè. "Omídìran ni èmi pè é."

Báyìí ni ọmọ náà ṣe jẹ́ Ìwàlérè ní ilé bàbá rẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ Omídìran ní ilé ìyá rẹ̀, tí kò sí ilé kan tó lè ní òun kò lọ́mọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ààlọ́ mi ń kọ́ wa ni pé kí a máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀wọ̀ kì í dí ènìyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí o bá ń dọ̀bálẹ̀, ara rẹ ni kí o tẹ́ sílẹ̀, má ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nù. Ó sì ń kọ́ ẹ̀yin àgbà pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún lọ́mọ rere láti ẹnu ọ̀nà, kó má lọ ba sẹ́yìn igi láti jí ọmọ ẹlòmíràn gbé.

Ibi tí ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, kí ẹ bi Alákàn. Ó ṣì wà lábẹ́ òkúta.